Teodosia àti Òkúta tó Ń Ká Bí Ẹní

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn Teodosia Huarachi lẹ́nu ẹni tí kò ní in sínú, kó wá ẹlòmíràn lọ. Èmi Zenobia Calizaya, ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi jókòó tì í lórí òkìtì òkúta ní Poopó, ìlú awakùsà wa, tèmi tòòlù mi, tòun tòòlù rẹ̀, mo sì fi mẹ́wàá nínú ọdún náà jowú rẹ̀. Ọdún kan tó kù yẹn, mi ò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa ni.

Kò sí nǹkan ńlá kankan nínú ìgbésí ayé rẹ̀ tó yẹ kéèyàn máa jowú. Abúlé àwọn adaran láámà ni wọ́n bí i sí, lókè lọ́hùn-ún níbi tí òtútù ti ń la ètè ọmọ tuntun. Leandro tó jẹ́ awakùsà ló gbé e níyàwó wá sí Poopó. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n lò pọ̀ kí eruku inú ihò tó jẹ ẹ̀dọ̀fóró ọkùnrin náà tán. Wọn ò bímọ. Ẹgbẹ́ awakùsà wá fún un ní ohun tí wọ́n ń fún opó gbogbo: ààyè ìjókòó kan lórí òkìtì, kó máa fọ́ òkúta tí àwọn ọkùnrin bá dà nù, kó máa ṣa tánganran tó bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Ní tèmi, ọkọ mi Fermín wà láàyè, ìyá mi ló sì fi ààyè tèmi sílẹ̀ fún mi kó tó kú. Mo lọ́kọ, mo bímọ, páànù ilé mi ò jò. Síbẹ̀ èmi ni mò ń wo tirẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń bá jà. Òkúta tí àwa yòókù máa lù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, òun á lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, á sì là síbi tó fẹ́ kó là sí. Ọ̀sán ò ní tíì pọ́n tí àpò rẹ̀ á ti kún, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bu tirẹ̀ kún tèmi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. "Comadre, gba díẹ̀." Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù. Òun ló gbé ọmọ mi Lidia fún ìrìbọmi, ìdí tá a fi ń pe ara wa ní comadre nìyẹn, torí ní tiwa, ẹni tó bá gbé ọmọ ẹni fún ìrìbọmi ti kúrò lọ́rẹ̀ẹ́, ó ti di ẹbí. Ẹ lè bi mí pé tí mo bá ń jowú rẹ̀, kí ló dé tí mo fún un lọ́mọ gbé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ìfẹ́ àti owú mọ bí wọ́n ṣe ń sùn sínú yàrá kan.

Òkúta kan wà lórí òkìtì wa tí kò wọ́pọ̀ láyé, àwa ò sì mọ̀. Ó dúdú, ó ń dán bí òjé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó gùn tó ìka ọmọdé, ó sì rí róbótó. Tẹ́ ẹ bá fi èékánná họ ọ́, á ṣí ní ewéewé, ewé kan nínú òmíràn, bí ẹní tí wọ́n ká. Ó ní ẹbí kan tí kì í ká: pẹlẹbẹ ni ìyẹn, ewé lórí ewé. Àwọn méjèèjì máa ń kun ọwọ́ ní dúdú. Tánganran wà nínú wọn lóòótọ́, àmọ́ òjé àti nǹkan mìíràn ti bá a dà pọ̀, ẹni tó ń ra ẹrù lọ́wọ́ wa ò sì fẹ́ rí wọn sójú. Tó bá rí ẹyọ kan nínú àpò, á ní ẹrù náà ti dọ̀tí. Nítorí náà, bí ọwọ́ wa bá ti bà á, a ti jù ú nù nìyẹn.

Teodosia kì í jù ú nù. Á mí sí i, á fi yẹ̀rì rẹ̀ nù ún, á wò ó títí, á wá ká a sínú aṣọ tó fi ń pọn ẹrù.

"Comadre, ṣé ìyẹn lo fẹ́ fi se ọbẹ̀ lálẹ́ ni?" Èmi ni mo máa ń bi í bẹ́ẹ̀, káwọn obìnrin yòókù lè rẹ́rìn-ín.

"Mo fẹ́ mọ ìdí tó fi ń ká ni."

"Ọkọ ni kó o lọ wá. Òun náà mọ èèyàn ká."

Á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa. Á sì tún mú òmíràn.

Bó ṣe wà nìyẹn títí Ẹnjiníà Maruja Urquidi fi dé láti yunifásítì ní Oruro. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, fìlà onírun lórí, awò lójú. Ó ní òkúta ká-bí-ẹní yìí lòun ń wá, pé kí ẹni tó bá ní in kó o wá. Ní wákàtí kan, gbogbo wa ti kó tiwa dé. Mo gbé àpò ńlá kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀, inú mi ń dùn. Àṣé pẹlẹbẹ àti kíká ni mo dà pọ̀ síbẹ̀, mo tún fi òjé lásán kún un. Teodosia gbé agolo mílíìkì kékeré méjì wá. Kíká wà nínú ọ̀kan, pẹlẹbẹ wà nínú èkejì, ẹyọ kan ò sì ṣìnà.

Ẹnjiníà da wọn sórí aṣọ, ó fi awò kékeré wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Doña, ta ló kọ́ yín ní èyí?"

"Ọwọ́ mi ni, Ẹnjiníà."

Ọwọ́ mi ni. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Bí ẹni pé àwa yòókù ń fi ẹsẹ̀ fọ́ òkúta.

Ẹnjiníà ní kó wá sí Oruro kó wá rí inú òkúta náà. Mo ní comadre mi kì í dá rìn, mo sì bá wọn wọkọ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń yẹ òkúta wò, wọ́n ti gé òkúta Teodosia lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì ti dán ojú rẹ̀ títí ó fi ń kọ mọ̀nà bíi dígí. Ẹnjiníà ní iṣẹ́ yẹn le, torí òkúta náà rọ̀. Tí ọwọ́ ẹni tó ń dán an bá wúwo díẹ̀, àwọn ewé inú rẹ̀ á wọ́, á sì parọ́ fún ojú. Ó ní nǹkan márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: òjé, tánganran, irin, imí-ọjọ́, àti àntímónì tó jẹ́ ẹbí tìróò.

"Àmọ́ wọn ò dà pọ̀ bí iyọ̀ ṣe ń pòórá sínú omi," ló wí. "Ewé oríṣi méjì ni, ọ̀kan lórí èkejì. Òjé ló pọ̀ jù nínú ọ̀kan, tánganran ló pọ̀ jù nínú èkejì, imí-ọjọ́ wà nínú méjèèjì. Ìwọ̀n wọn ò wá dọ́gba. Wọ́n lẹ̀ mọ́ra, kò sì sí èyí tó fẹ́ gbà fún èkejì. Ohun tó ń mú un ká nìyẹn."

"Bí orogún méjì nínú yàrá kan," ni mo wí.

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, inú mi dùn pé èmi ni mo pa á lẹ́rìn-ín. Mo bojú wo Teodosia. Kò rẹ́rìn-ín. Ńṣe ló ń mi orí díẹ̀díẹ̀, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó ti ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí látọjọ́ pípẹ́, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn rí.

Ìmọ́lẹ̀ kì í gba inú òkúta náà kọjá, bó ti wù kí wọ́n fá a fẹ́lẹ́ tó. Òkè ni wọ́n ti ń tan iná sí i lábẹ́ ẹ̀rọ awò ńlá, iná á bà lé ojú rẹ̀, á wá ta padà sókè sójú ẹni tó ń wò ó. Funfun tó jọ eérú díẹ̀ ló máa ń hàn. Ẹnjiníà wá fi dígí méjì kan tó ń sẹ́ iná bí asẹ́ sójú ọ̀nà iná, ó ní kí Teodosia fi ọwọ́ yí àwo tí òkúta wà lórí rẹ̀. Ó yí i. Ó yọ ọ́, ó fi pẹlẹbẹ síbẹ̀, ó tún yí i.

"Ẹnjiníà, eléyìí tó pẹlẹbẹ, gbogbo ara rẹ̀ ló ń ṣókùnkùn pọ̀ bí ẹni sùn, tó ń mọ́lẹ̀ pọ̀ bí ẹni jí. Eléyìí tó ká ní tiẹ̀, ó sùn níbi mẹ́rin, ó jí níbi mẹ́rin. Mò ń yí òkúta, oorun yẹn ò sì yí. Ó dúró bí àgbélébùú dúdú."

Ẹnjiníà yọ awò ojú rẹ̀. "Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan máa ń lo ọdún méjì kí wọ́n tó sọ gbólóhùn yẹn."

Wọ́n ní kí èmi náà wá wò ó. Mo di ojú kan, mo fi èkejì lé e. Nǹkan dúdú kan bí ẹsẹ̀ eṣinṣin ló ń gbọ̀n níwájú mi, kò sí ohun mìíràn. Irun ìpéǹpéjú ara mi ni. Mo ní mo rí i, pé ó rẹwà gan-an.

Kí a tó kúrò níbẹ̀ ni Ẹnjiníà sọ ọ̀rọ̀ tó da ilé wa rú. Ó ní ìjókòó kan wà lọ́dọ̀ òun, iṣẹ́ olóṣù, fún ẹni tí yóò máa ṣa òkúta, tí yóò sì máa dán wọn. Kò sí òtútù níbẹ̀, kò sí eruku. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọ̀gá òun tó gbà pé kí òun mú obìnrin orí òkìtì síbẹ̀, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà. "Òkúta orí òkìtì ò nílé. Èyí tó ṣì wà lára ògiri ihò ni mo fẹ́, pẹ̀lú àwọn òkúta tó múlé tì í, kí n rí bó ṣe dùbúlẹ̀. Mo rán géńdé kan wọ ihò yín, pẹlẹbẹ ló gbé jáde. Èmi fúnra mi, àwọn ọkùnrin yín lé mi lẹ́nu ọ̀nà."

A ò bi í pé kí ló dé. Obìnrin kì í wọ ihò. Tío, òrìṣà inú ihò, ló ni kùsà abẹ́ ilẹ̀, òun ni àwọn ọkùnrin ń fún ní ewé kóká àti ọtí ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ilẹ̀ sì ni ìyàwó rẹ̀, òjòwú paraku. Bó bá gbúròó yẹ̀rì obìnrin mìíràn nínú ilé rẹ̀, á kó kùsà rẹ̀, á gbé e pa mọ́. Mo bá Ilẹ̀ kẹ́dùn. Kò sí ìyàwó ilé tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń ro ìjókòó Oruro. Mo rí ara mi nínú yàrá tó móoru, mo fọwọ́ tó mọ́ gbé ife tíì. Ó ṣe mí bíi kí n wọ ihò náà fúnra mi, àmọ́ àyà mi ò gbà. Ọkọ mi ń bẹ nínú ihò yẹn.

Ní ọjọ́ Ajé, Teodosia dé orí òkìtì, ó sún mọ́ mi títí èjìká wa fi kanra.

"Comadre, mo wọlé lánàá."

"Wọ ibo?"

"Ibẹ̀." Ọjọ́ Àìkú làwọn ọkùnrin kì í ṣiṣẹ́. "Mo fún Tío ní kóká. Mo ní, Ìyá Ilẹ̀, èmi kì í ṣe orogún yín o, òkúta ni mo wá wò, kò pẹ́ tí mo fi máa jáde. Mo rí i, comadre. Ó wà lára ògiri bí ìdì ìgbálẹ̀. Pẹlẹbẹ ló yí i ká. Mo ti fi èyí tí mo gé ránṣẹ́ sí Oruro láàárọ̀ yìí."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ó bà mí. Má sọ ọ́ fẹ́nì kankan o."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún?" ni mo wí, mo sì rò pé òótọ́ ni mo ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pa á mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta, Ẹnjiníà ránṣẹ́ pé òkúta náà dára ju bí òun ṣe rò lọ, àwọn ọ̀gá ti gbà, pé lópin oṣù lòun ń bọ̀ wá mú Teodosia. Teodosia ka ìwé náà sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Ó dì mọ́ mi. Mo ní inú mi dùn. Inú mi ń hó bí ìkòkò tí wọ́n dé pa.

Ọjọ́ kejì, Fermín dé láti ibi iṣẹ́ kí oòrùn tó rọlẹ̀, kò fọwọ́, kò fẹsẹ̀. Ó ní iṣan tánganran táwọn ń tọ̀ láti oṣù méje ti tín-ín-rín di ìka kan, ó sì ti wọ inú òkúta lásán lọ. Ó wúkọ́ títí. Ó ní, "Kí la fi ṣẹ Ilẹ̀? Kò sí Ẹtì kan tí a ò fún Tío ní tiẹ̀."

Ẹyin lọ̀rọ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi jù ú sílẹ̀.

"Obìnrin ti wọ ibẹ̀," ni mo wí. "Teodosia ni."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo gbọ́ ọ lọ́jà láàárọ̀ yìí."

Kò tún bi mí ní nǹkan kan. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Mo jókòó ti ọ̀dùnkún tí mo ń bó. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ara tù mí.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n pe ìpàdé. Don Porfirio, olórí ẹgbẹ́, wà lórí àga, Teodosia dúró níwájú rẹ̀, ó wọ yẹ̀rì tó dára jù nínú tirẹ̀. Ó tó àádọ́ta èèyàn tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn Fermín ni mo jókòó sí.

"Doña Teodosia, ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ pé ẹ wọ ihò?"

"Òótọ́ ni, Don Porfirio."

"Ṣé ẹ ò mọ̀ pé èèwọ̀ ni?"

"Mo mọ̀."

"Ohun tẹ́ ẹ mú níbẹ̀ dà?"

"Ó wà ní Oruro."

Àwọn ọkùnrin ń kùn. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé kí wọ́n ní kó ra láámà funfun kó fi bẹ Ilẹ̀. Òmíràn fèsì pé opó wo ló lówó láámà. Don Porfirio na ọwọ́.

"Ta ló mọ̀ sí i? Ẹ mọ òfin wa. Ẹni tó mọ̀ tó sì bò ó, òun náà á gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀, á kúrò lórí òkìtì."

Èmi ti mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo wo ilẹ̀ láàárín bàtà mi, mo ń ka sìgá táwọn èèyàn ti tẹ̀ pa síbẹ̀. Teodosia wo Don Porfirio lójú.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀," ló wí.

Wọ́n gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Òòlù Leandro ni, igi rẹ̀ ti mọ́ ọwọ́ rẹ̀ lára. Ó gbé e fún wọn, ó kí wọn kú ìpàdé, ó sì jáde. Ní ọjọ́ kejì, ó ti wọkọ̀ lọ sí Oruro, Ẹnjiníà sì fún un ní ìjókòó náà lọ́sẹ̀ yẹn, kò dúró de òpin oṣù mọ́. Ẹ ò rí i bí? Owú tèmi ló sáré gbé e dé ibi tó ń lọ. Ní ti iṣan náà, wọ́n pa láámà, kò padà. Mo gbọ́ pé Ẹnjiníà ní bí iṣan ṣe ń ṣe nìyẹn, pé ó máa ń tán. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún Fermín.

Oṣù márùn-ún kọjá. Mo gbé Fermín lọ sí ilé ìwòsàn ní Oruro nítorí ikọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó dúró kí wọ́n yàwòrán àyà rẹ̀, ẹsẹ̀ mi bá gbé mi dé yunifásítì. Mo bá Teodosia nídìí tábìlì, ó wọ aṣọ funfun lé yẹ̀rì rẹ̀. Ó ń fi aṣọ rírọ̀ dán òkúta kan, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ jòjòló. Géńdé akẹ́kọ̀ọ́ méjì dúró tì í, wọ́n ń pè é ní Doña, wọ́n ń kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀. Owú yẹn sì tún dé.

Bó ṣe rí mi, ó fò dìde. Ó béèrè Lidia, ó béèrè Fermín. Ó mú mi lọ sí ìdí ilé oúnjẹ kan lójú pópó, ó ra api, ẹ̀kọ àgbàdo gbígbóná tó dùn, fún mi pẹ̀lú àkàrà dídín tí wọ́n fi wàràkàṣì sínú. Mo gbé e sílẹ̀ níwájú mi.

"Comadre, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo sọ."

Ó já àkàrà rẹ̀ sí méjì. "Mo mọ̀."

"Látìgbà wo?"

"Látìgbà tí mo wọ ìpàdé. Gbogbo wọn ló ń wò mí, ìwọ nìkan lò ń wo ilẹ̀. Ta ni mo tún sọ fún lẹ́yìn rẹ?"

"O mọ̀, Porfirio wá bi ọ́, o sì ní kò sẹ́ni tó mọ̀?"

"Fermín ń wúkọ́. Kò ní pẹ́ tí kò fi ní lè wọ ihò mọ́. Tí wọ́n bá gba òòlù lọ́wọ́ ìwọ náà, kí ni Lidia máa jẹ?"

"Bú mi, Teodosia. Mo bẹ̀ ọ́."

"Api rẹ ń tutù," ló wí.

Mo mu ún. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Fermín ò wọ ihò mọ́ báyìí. Òòlù mi ló ń bọ́ wa. Gbogbo àárọ̀ ni mo máa ń gun òkìtì, tí mo máa jókòó sí ààyè mi, ààyè tí òun gbà sílẹ̀ fún mi níṣojú àádọ́ta èèyàn, lẹ́yìn tí mo ti gba tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjókòó Oruro, mo ti gbà pé tirẹ̀ ni. Ọwọ́ yẹn náà, Ọlọ́run ló fún un. Àmọ́ mo ti bi ara mi léèrè láìmọye ìgbà pé ká ní èmi ni mo dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí mo mọ ẹni tó tà mí, ṣé màá dákẹ́? Mi ò ní dákẹ́. Màá dárúkọ rẹ̀ kí Porfirio tó parí ọ̀rọ̀. Ọkàn tó fi dákẹ́ yẹn ni mo ń jowú rẹ̀ báyìí, mi ò sì rí ẹni tí mo lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn.